Abẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀ná adìẹ: ohun tí a ń ṣe tí kò fi ń mú

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí omi ń dá rogún sínú táyà àtijọ́ àti ìkòkò fífọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ máa wo ojú adìẹ yín dáadáa. Kókó wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ yọ sórí ogbe, sí ẹ̀gbẹ́ ojú àti ẹnu, lẹ́yìn náà á di èépá dúdú. Nígbà mìíràn á wọ ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ ló ti ń pa wọ́n jù, nítorí adìẹ kò ní lè mí, kò sì ní lè jẹun. Ẹ̀fọn ló ń gbé ṣọ̀pọ̀ná adìẹ yìí kiri, bí adìẹ bá sì ń ṣá ara wọn jẹ, wọ́n á kó o ran ara wọn. Kì í ran ènìyàn. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á. Àjẹsára nìkan ló wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń gún un tí adìẹ tún ń kú, tí wọ́n á wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Bóyá ni. Èyí tí mo rí jù ni pé ọwọ́ wa fúnra wa ló bà á jẹ́.

Ẹ má fi àjẹsára sínú àpò ṣòkòtò. Fáírọ́ọ̀sì alààyè ló wà nínú ìgò kékeré yẹn, wọ́n kàn sọ ọ́ di aláìlágbára, wọ́n sì gbẹ ẹ́ ni. Ooru ń pa á. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà títí a ó fi lò ó. Ẹni tó rà á ní Cotonou, tó gbé e wọ takisí nínú oòrùn, tó tún yà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Porto-Novo kó tó dé Kétu, òkú ló gbé wálé. Kúlà àti yìnyín kò ṣòro wá.

Ìgò náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹgbẹ̀rún adìẹ ni ọ̀pọ̀ ìgò wà fún, bẹ́ẹ̀ ọgọ́ta péré lè wà nílé ẹni. Lẹ́yìn tí a bá ti pò ó pọ̀ mọ́ omi rẹ̀, wákàtí kan sí méjì ló ní. Ibi tí ojúkòkòrò ti ń wọlé nìyẹn: wọ́n á gún ọgọ́ta, wọ́n á dé ìyókù pa, wọ́n á fi pamọ́ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ohun tó dára ni kí àwọn ará àdúgbò dáwó rà á pọ̀, kí wọ́n mú ọjọ́ kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí wọ́n máa gbé ìgò náà láti ilé dé ilé lórí yìnyín.

Ẹ má kán an sí adìẹ lójú. Àjẹsára lúkúlúkú, àrùn adìẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Newcastle, ló kọ́ wa ní èyí, torí pé irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń kán sójú tàbí tí wọ́n ń fi sínú omi mímu. Ti ṣọ̀pọ̀ná kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó kán an sójú ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbin àrùn síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì wà fún un: a ó tì í bọ inú àjẹsára, a ó fi gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ apá, níbi tí kò sí ìyẹ́, kó yọ sí òdìkejì. Ẹ yẹra fún iṣan ẹ̀jẹ̀ àti egungun. Adìẹ kan, ìtìbọ̀ kan. Ẹ má sì fi sípíríìtì nu awọ náà ṣáájú, yóò pa àjẹsára náà. Tòlótòló ní tirẹ̀, itan ni wọ́n ti ń gún un, nítorí abẹ́ apá ló máa ń ki orí bọ̀ tó bá ń sùn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kà sí. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ mú ogún tàbí ọgbọ̀n adìẹ, ẹ ká apá wọn sókè. Ojú abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wú, kó ní kókó tàbí èépá kékeré. Bó bá wà lára èyí tó pọ̀ jù, àjẹsára mú. Bí apá wọn bá mọ́ roro, yálà wọ́n ti kó àrùn náà rí, tàbí àjẹsára ti kú, tàbí ìyẹ́ ni ẹ gún tí ẹ rò pé awọ ni. Ẹ tún un ṣe kí ẹ̀fọn tó pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rí wíwú náà, wọ́n á rò pé ó ti dégbò, wọ́n á fi ìpara sí i. Ẹ fi sílẹ̀. Èmi ò mọ ìdí tí a fi ń náwó ra àjẹsára tí a ò sì lè yẹ apá adìẹ wò. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà ní Kétu níbí. Ẹni tó bá ní àbúrò níbẹ̀, kó ní kó wá fi ọwọ́ hàn án.

Ẹ má gún ìdajì agbo. Èépá èyí tí ẹ gún lè kó o ran èyí tí ẹ ò gún. Ẹ má gún èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ má sì dúró di ìgbà tí wọ́n ti ń yé ẹyin.

Ẹnìkan á ní òun ní àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná ewúrẹ́ nílé, kí òun lò ó fún adìẹ. Rárá o. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ní tiwọn, ràkúnmí tí àwọn ará aṣálẹ̀ ń sìn náà ní tirẹ̀. Ti ràkúnmí sún mọ́ ṣọ̀pọ̀ná ènìyàn tí ayé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ti adìẹ sì jìnnà sí i.

Bí àrùn náà bá ti wọ agbo kí ẹ tó rántí, tó sì jẹ́ díẹ̀ ló mú, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ gún àwọn tí ara wọn ṣì le lọ́jọ́ náà gan-an. Èépá tó bọ́ sílẹ̀ lè gbé fáírọ́ọ̀sì náà fún oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹ gbá a, kí ẹ sì sun ún pọ̀ mọ́ ìgò àjẹsára tó ṣófo.