Gbèsè Tó Ju Owó Ilé Lọ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Lánlọ́ọ̀dù Ìbàdàn

Bí lánlọ́ọ̀dù méjì bá pàdé n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ayálégbé tí kò sanwó ni wọn yóò máa sọ títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Èmi náà a máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a mọ iye tí owó ilé jẹ́. Ta ló mọ iye tí kànga tí kò lómorí lè ná èèyàn?

Mo ní fúláàtì mẹ́rin ní Àpáta, kànga sì wà lẹ́yìnkùlé. Páànù kan la fi dé e, a gbé òkúta lé e lórí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé n óò pe wẹ́dà. Lọ́jọ́ kan ọmọ ayálégbé gun páànù náà kó lè mú bọ́ọ̀lù rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan já wọ inú rẹ̀, ọlọ́run ló ní kí ìyá rẹ̀ wà nítòsí tó fi fà á yọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó tí n kò rí fún ọdún mẹ́ta ti dé ọwọ́ wẹ́dà.

Ká ní ọmọ yẹn kú, kí ni ǹ bá wí níwájú adájọ́? Pé n kò mọ̀? Ìyá rẹ̀ ti kọ ẹ̀sùn kànga náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ṣáájú, mo sì ti fèsì pé, “Mo ti gbọ́, ìyá Tóyìn.” Èsì yẹn ni lọ́yà wọn ì bá kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ má dáhùn ẹ̀sùn kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó tún un ṣe, ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé gbólóhùn inú àgírímẹ́ńtì pé onílé kò mọ nǹkan kan nípa ìjàm̀bá. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò bọwọ́ lùwé, àlejò tó wá kí ìyá rẹ̀ náà kò bọwọ́ lù ú.

Bẹ́ẹ̀ ni ògiri fẹ́ǹsì tó ti lanu. Ẹni tó bá rántí òjò 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 mọ ohun tí àgbàrá ń fi ògiri ṣe ní ìlú yìí. Òjò á rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó sán lára ògiri ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ fi ilé sílẹ̀ fún ejéǹtì, kí ẹ má mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ní 16 oṣù kìíní ọdún 2024, Bódìjà mì tìtì, ẹ̀mí lọ, ilé wó. Ìjọba ní ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á. Ẹ kọ ohun tí ilé wà fún sínú àgírímẹ́ńtì, kí ẹ sì máa yà wò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún ayálégbé ṣáájú o, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ yín já wọlé.

Èyí tó burú jù ni ká ṣí páànù lórí ayálégbé, ká gé wáyà rẹ̀, tàbí ká yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹni tó jẹ yín lówó á wá di ẹni tí ẹ jẹ lówó. Bí àgírímẹ́ńtì kò bá sọ nǹkan mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ ìkójáde fún ẹni tó ń san owó ọdún, oṣù kan ni ti olóṣooṣù. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje tí ẹ fi ń sọ fún un pé ẹ fẹ́ gba ilé yín, kí ẹ tó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Lọ́dún 1986, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ bá ìjọba ológun Èkó wí gidigidi nítorí pé ó fi agbára lé Ojukwu kúrò nílé nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ìjọba ológun nìyẹn o, ká má tíì sọ lánlọ́ọ̀dù Àpáta.

Ti adójútòfò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì, ńkọ́? Òfin ọdún 2003, tí òfin tuntun rọ́pò lọ́dún 2025, ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ilé tó gbọ́dọ̀ ní in, nítorí ilé wíwó, iná, ìjì àti àgbàrá. Àwa kan ń pè é ní owó ìjọba, a ò sì ra nǹkan kan.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, pé kọ́ńpìnnì ni kí wọ́n pè lẹ́jọ́. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Tirẹ̀ ni. Kò tíì gba àṣẹ gómìnà láti yí i padà sí orúkọ kọ́ńpìnnì.