Bí A Ṣe Ń Fi Ìtẹ́nú Bàtà Tọ́jú Ìrora Iwájú Àtẹ́lẹsẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìrora tó máa ń mú iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí a fi ń ti ilẹ̀ kí a tó gbé ẹsẹ̀, ni kò nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Egungun gígùn márùn-ún ló wà láti àárín ẹsẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka, orí wọn sì ni gbogbo ara máa ń wúwo lé nígbà tí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lórí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, ibẹ̀ á máa ta ẹni bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú bàtà.

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí kò sí ìtẹ́nú, ìyẹn ohun tí a ń tẹ́ sínú bàtà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó lè ṣiṣẹ́ nínú bàtà tó há. Ẹ dúró lórí bébà, kí ẹnìkan fi bírò fa ìlà yí ẹsẹ̀ yín ká, kí ẹ wá gbé bàtà lé ìlà náà: bí iwájú bàtà bá kéré sí i, òun ló ń fún àwọn ọmọ ìka pọ̀. Bàtà gogoro ń ti ìwọ̀n ara síwájú, sìlípáàsì tó ti jẹ pẹlẹbẹ kò sì gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ líle.

Lẹ́yìn èyí ni tìmùtìmù kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ inú bàtà kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n máa ń fi í sí abẹ́ ojú ibi tó ń dùn, èyí tó lè mú kí ìrora pọ̀ sí i. Ẹ̀yìn ibẹ̀, níhà gìgísẹ̀, ni ó yẹ kó wà, kí ó lè gbé àwọn egungun náà sókè díẹ̀ kí orí wọn tó kan ilẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tútù tàbí lípsítìkì pa ojú ibi tó ń dùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àmì náà á hàn lórí ìtẹ́nú. Kí etí iwájú tìmùtìmù parí sí ẹ̀yìn àmì yẹn. Wákàtí kan tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ra odindi ìtẹ́nú, ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tó wà nínú bàtà kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bàtà á tún há. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni náwó lórí èyí tí wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ ṣe kí ó tó gbìyànjú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tí iwájú rẹ̀ sì tẹ̀ sókè, tún ń dín iṣẹ́ àwọn ọmọ ìka kù.

Bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ìyẹn apá òkè rẹ̀ tó kọjú sókè, bá wú, tí ó sì ń dùn nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, egungun lè ti sán. Ẹ lọ rí dókítà. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ nǹkan lára mọ́, má ṣe lẹ tìmùtìmù fúnra rẹ̀, nítorí ó lè di egbò láìjẹ́ pé ó mọ̀. Kí ó máa ki ọwọ́ bọ inú bàtà kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ó sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́.