Rédíò Kejì Tí Mo Rà Lásán

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Mo fi owó ara mi ra rédíò dátà kejì (ẹ̀rọ tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú afẹ́fẹ́) láti fi rọ́pò àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ kan ní Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe ti àkọ́kọ́.

Ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Òkè-Baálẹ̀ ló gbé e fún mi. Tánkì wọn wà lókè, kànga ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀, bíi 900 mítà síra wọn. Wọ́n fẹ́ kí tánkì fúnra rẹ̀ máa sọ fún pọ́ọ̀ǹpù pé òun ti kún. Mo ra rédíò 2.4 GHz méjì (GHz àti MHz ni wọ́n fi ń ka ìgbì rédíò), ọ̀kan fún tánkì, ọ̀kan fún pọ́ọ̀ǹpù, tí wọ́n ṣe fún ìta, tí wọ́n kọ IP67 sí lára. Mi ò ra ti 900 MHz táwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, torí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń lo ibẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọjọ́ méjì ni mo fi so gbogbo ẹ̀. Oṣù Kẹta ni. -61 dBm ni mo rí, ìyẹn bí àmì tó ń wọlé ṣe lágbára tó (bó bá ṣe ń jìnnà sí òdo ló ń rẹ̀ sí), inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wàhálà dé. Bó bá ti rọ̀, àmì á já sí -91. Agbára tó ń wọlé ti di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àlàájà tó ni ilé-iṣẹ́ á pè mí: "Ẹnjiníà, omi tún ti ń ṣàn dànù o. Kí lo tiẹ̀ ṣe fún wa?" Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo gun òpó yẹn. Mo yí áńtẹ́nà, mo gé ẹ̀ka máńgòrò. Ẹni tó tà á fún mi ní omi ti wọ inú rédíò, kí n ra òmíràn. Mo rà á, mo gbé e sókè. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta: -90.

Inú bí mi gan-an, àmọ́ mo jókòó ronú. Òjò tó ń bọ́ látojú ọ̀run kì í fi bẹ́ẹ̀ dí 2.4 GHz lọ́wọ́. Ti 10 GHz sókè ló máa ń dà láàmú. Àti pé bí òjò bá dá, àmì yìí kì í padà sípò fún bí ọjọ́ méjì. Nǹkan kan ló ń mu omi tí kì í tètè gbẹ.

Mo tú téèpù dúdú tí mo fi wé ibi tí wáyà ti so mọ́ áńtẹ́nà. Oòrùn ti yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró. Mo fi ọ̀bẹ gé wáyà náà, omi kán sí mi lọ́wọ́. Bàbà híhun inú ẹ̀ ti dúdú, ó ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. IP67 tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, àpótí rédíò nìkan ló ń sọ: eruku ò ní wọ̀ ọ́, bó bá sì wà nínú omi mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú, kò ní mu ún. Kò kan oríkèé tí mo fọwọ́ ara mi so.

Mo ra wáyà tuntun. Téèpù rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ ni mo fi wé e, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀ bíi páànù orí òrùlé. Tẹ́lẹ̀, òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó padà gòkè wọ rédíò, kí omi lè kán dànù níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe irú ẹ̀, ẹ tú oríkèé wò kẹ́ ẹ tó náwó.

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo jí láago márùn-ún, mo wò ó lórí fóònù: -62. Rédíò àkọ́kọ́ ló wà lórí òpó báyìí. Ẹni tó tà á ò gba èkejì padà. Ó wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì mi.