Ẹ Yé Fowó Ṣòfò Lórí `this`: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kóòdù Tó Ń Tọ́ka Sí Ara Rẹ̀

Inú máa ń bí mi bí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra ẹ̀kọ́ kan lé òmíràn nítorí kóòdù tó ń tọ́ka sí ara rẹ̀. Àwọn àṣìṣe ibẹ̀ kò pọ̀, owó kọ́ ló sì ń yanjú wọn.

1. Ẹ má kọ function (àkójọ àṣẹ tí a lè fi orúkọ pè) tó ń pe ara rẹ̀ láì kọ́kọ́ kọ ibi tí yóò ti dúró.

2. Bí Python bá gbé RecursionError (àṣìṣe pé function ti pe ara rẹ̀ jù) jáde, ẹ má sáré lọ gbé ààlà 1000 tó wà níbẹ̀ sókè. Ẹ wò ó bóyá ohun tí ẹ ń fún ìpè kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Bí ìpè náà bá jìn lóòótọ́, ẹ lo lúùpù (àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra).

3. `this` inú JavaScript, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí object (àkójọ dátà àti function) tí function ń ṣiṣẹ́ fún. Èyí gan-an ló ń dùn mí. Ẹni tó ti Java wá á gbà pé ibi tí a kọ function sí ni `this` so mọ́ títí láé. Irọ́ ni! Bí a ṣe pè é ló ń pinnu rẹ̀. Bí ẹ bá kọ `akanti.san()`, `akanti` ni `this`. Ẹ wá kọ `const f = akanti.san; f()`: function kan náà ni, àmọ́ ní strict mode (ìlànà JavaScript tó le), `this` ti di `undefined`. Bí ẹ bá sọ `akanti.san` sínú `setTimeout` (èyí tó ń pe function lẹ́yìn àkókò díẹ̀) náà, `akanti` kò ní bá a lọ.

Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní bọ́tìnì kan tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n sanwó fún ẹlòmíràn kó tún gbogbo ojú-ewé náà kọ. Ẹni náà tún gbé àṣìṣe kan náà wọlé, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ń pe function yẹn. `() => akanti.san()` ìbá ti parí ọ̀rọ̀.

Àwọn tó sì ti gbọ́ nípa arrow function (irú èyí tí a fi `=>` kọ), tó wọ JavaScript ní 2015, á wá máa fi kọ gbogbo nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ method (ìyẹn function inú object) tó bá nílò `this`. Kò ní `this` tirẹ̀. Ti ibi tí a kọ ọ́ sí ló ń lò.

Python ńkọ́? Bí ẹ bá gbàgbé `self` (orúkọ tí method fi ń gba object rẹ̀), á ní method yín kò gba nǹkan kan, àmọ́ ẹ fún un ní ẹyọ kan. Ẹ má wá ẹyọ yẹn kiri: object yín fúnra rẹ̀ ni, Python ló fi í ránṣẹ́.

Ní C, struct (àkójọ dátà) kò lè gbé odindi ara rẹ̀ sínú. Pointer (àdírẹ́sì ibi tí nǹkan wà nínú memory) ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bí object bá sì tọ́ka padà sí ara rẹ̀, àṣìṣe TypeError ni `JSON.stringify` ti JavaScript (tó ń sọ object di ọ̀rọ̀ JSON) yóò fi dá yín lóhùn, àfi kí ẹ kọ́kọ́ yọ ìtọ́ka náà kúrò.