Má ṣe fi ewéko sọ bakitéríà lórúkọ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí Rhizobium àti Bradyrhizobium

Fa ẹ̀wà tu lóko Gwagwalada tàbí Zaria nígbà òjò, wàá rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Bakitéríà tó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún ewéko ló ń gbé níbẹ̀. Rhizobium ni àbí Bradyrhizobium? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Láti mọ̀ ọ́n, o ní láti yọ bakitéríà náà jáde láti inú kókó, kí o sì mú un hù. Má ṣe gé kókó náà kúrò lára gbòǹgbò pátápátá. Fi gbòǹgbò díẹ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí bíliìṣì má baà ráyè wọlé pa ohun tí o ń wá. Rì í sínú ẹtánólù ìdá 95 fún ìṣẹ́jú àáyá 10, lẹ́yìn náà bíliìṣì ìdá 3 fún ìṣẹ́jú 3, kí o sì fi omi tí kò ní kòkòrò ṣàn án, ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí o tó tẹ̀ ẹ́ fọ́, yí i lórí ágà (oúnjẹ bakitéríà tó dì bíi jẹ́lì nínú àwo). Bí nǹkan bá hù lójú ọ̀nà tó gbà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ́. Ó lè jẹ́ Bacillus inú ilẹ̀, torí ẹtánólù kì í pa sípóò rẹ̀, ìyẹn irúgbìn rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ le.

Àwọ̀ pupa Congo red, mílígíráàmù 25 sínú lítà ágà kan, ló ń ràn wá lọ́wọ́ láti dá àjèjì mọ̀: àwọn tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ún, funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń wà. Àmọ́ bí àwo bá wà nínú ìmọ́lẹ̀, àwọn náà á mu ún. Fi bébà dúdú wé e, sì gbé e sí 28°C.

Ṣùgbọ́n sùúrù ló ń wọ́n jù. Rhizobium máa ń hù láàárín ọjọ́ 3 sí 5; Bradyrhizobium lè gba ọjọ́ 6 sí 10, pàápàá bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó da àwo nù lọ́jọ́ kẹrin ti yan ayára (Rhizobium) nìkan, á wá kọ ọ́ pé oko òun kò ní Bradyrhizobium. Bẹ́ẹ̀, òun ló sábà máa ń wà nínú kókó ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Bromothymol blue, aró tí a ń pò mọ́ ágà, lè yà wọ́n: ayára á sọ ágà di yẹ́lò, alọ́ra (Bradyrhizobium) á sọ ọ́ di búlúù. Kì í sọ irú tó jẹ́ gan-an o.

Èyí tó burú jù ni kí a fi ewéko pè é. Jíìnì nodC (ti dídá kókó sílẹ̀) àti nifH (ti fífa náítírójìn) lè ti ara bakitéríà kan bọ́ sí ara òmíràn. Aṣọ ẹbí ni wọ́n; kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ ni ọmọ ìyá kan náà. 16S, jíìnì tí a sábà fi ń dá bakitéríà mọ̀, nìkan kò tó pẹ̀lú: bakitéríà kan tí a ń pè ní USDA 110 jẹ́ B. (Bradyrhizobium) japonicum fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di B. diazoefficiens ní 2013, 16S àwọn méjèèjì kò sì lè yà wọ́n. Fi jíìnì recA àti glnII kún un. Bí o bá ní jínọ́ọ̀mù odindi (gbogbo DNA rẹ̀), ANI, ìwọ̀n bí jínọ́ọ̀mù méjì ṣe jọra tó, ìdá 95 sí 96 ni ààlà irú kan náà. Bí kò bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú irú kankan tí a mọ̀, kọ Bradyrhizobium sp. sílẹ̀, ìyẹn irú tí a kò tíì dá mọ̀.

Agrobacterium, bakitéríà ilẹ̀ mìíràn, náà ń yà sínú kókó bí àlejò. Nítorí náà, kí o lè mọ̀ bóyá èyí tí o rí ló ń dá kókó sílẹ̀, fi bakitéríà náà sára ẹ̀wà tuntun nínú iyanrìn tí a ti sè nínú ọ́tókíléèfù, fi àwọn kan sílẹ̀ láìfi nǹkan sí i, kí o sì wo gbòǹgbò wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí kókó bá yọ lára èyí tí o kò fi nǹkan sí, omi tàbí iyanrìn rẹ ti ní àbàwọ́n. Tún gbogbo rẹ̀ ṣe.