Ẹ wá iye ẹyọ kan ná: bí wọ́n ṣe ń fi réṣíò ṣe ìṣirò ọjà

Ìṣirò réṣíò, ìyẹn fífi iye nǹkan kan wé iye òmíì, ò le rárá, àmọ́ ó ń dààmú àwọn ọmọ iléèwé gan-an, àwa àgbà náà ń pàdánù owó sí i lọ́jà.

Ká ní kóńgò gàrí mẹ́rin jẹ́ ₦5,200, wọ́n wá ní kẹ́ẹ sọ iye tí méje máa jẹ́. Ẹ má tíì wo méje yẹn o, ẹ wá iye kóńgò kan ná. Ẹ pín 5,200 sí ọ̀nà mẹ́rin, ₦1,300 nìyẹn. Ẹ wá mú 1,300 lọ́nà méje, ó di ₦9,100. Bí wọ́n bá tún béèrè méjìlá tàbí ogún, 1,300 yẹn náà lẹ máa lò.

Tíṣà lè ní réṣíò lòun fẹ́, kò burú, ẹ kọ ọ́ báyìí:

4/5,200 = 7/x (x ni owó tẹ́ ẹ ń wá)

Kóńgò lókè lápá méjèèjì, owó nísàlẹ̀ lápá méjèèjì. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í, wọ́n á fi kóńgò sókè lápá òsì, wọ́n á tún gbé owó sókè lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Tí kálukú bá ti wà nípò ẹ̀, ẹ ṣe cross multiply, ìyẹn ni pé kẹ́ẹ mú òkè apá kọ̀ọ̀kan lọ́nà ìsàlẹ̀ apá kejì: 4x = 7 × 5,200, ìyẹn 36,400, ẹ pín in sí mẹ́rin, x = 9,100. Ìdáhùn kan náà ni.

Ó tún kù o, ìwọ̀n gbọ́dọ̀ bára mu. Ìgò òróró 75cl jẹ́ ₦2,100, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún jẹ́ ₦13,500, èwo ló wọ́n jù? Lítà kan jẹ́ 100cl, torí náà 500cl ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì. 2,100 pín sí 75, ₦28 ni cl kan. 13,500 pín sí 500, ₦27. Náírà kan péré, àbí? Àmọ́ tó bá jẹ́ iye ti ìgò lẹ fi ra gbogbo òróró inú kẹ́ẹ̀gì yẹn, ₦14,000 lẹ máa san, ₦500 ti lọ nìyẹn. (Kóńgò ọjà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti òmíì, tẹ́ẹ bá fẹ́ fi ọjà méjì wéra, kílò ló dáa jù.)

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ń tẹ̀lé ọ̀nà yìí ṣá. Bíríkìlà mẹ́ta fi ọjọ́ mẹ́jọ mọ ògiri kan, ọjọ́ mélòó ni mẹ́rin máa fi mọ ọ́ tí ọwọ́ wọn bá yá bákan náà? Èèyàn ń pọ̀ sí i, ọjọ́ ń dín kù, ẹ má fi réṣíò ti gàrí ṣe é. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ, 24, iye ọjọ́ tí bíríkìlà kan ṣoṣo máa lò nìyẹn, ẹ pín in sí mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́fà.