Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú géèmù ogun: a kó ìlú tán, a ò mọ bí a ṣe máa jọba lé e

Rìn láàárín àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ní Yábàá lónìí, o ò ní pẹ́ rí ẹni tó ń ṣe géèmù ogun, irú èyí tí wọ́n ń fi ọgbọ́n orí gbá, tí wọ́n ń kó ìlú mọ́ ìlú lórí máàpù. Ogun ilẹ̀ wa ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: Ìbàdàn, Ìjàyè, Èkìtì, Dàhọ̀mì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwòrán wọn dùn ún wò, ìbọn ń dún kíkankíkan. Àmọ́ gbàrà tí ìlú bá ti ṣubú ni géèmù náà ń kú. Àsíá á yí àwọ̀ padà, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹni tó ń gbá a á kọjú sí ìlú tó kàn. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rántí kó wọn sínú géèmù.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyí. Wọn ò wúwo bákan náà, mi ò sì ní pẹ́ lórí wọn bákan náà.

Má jẹ́ kí ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó máa pawó lọ́jọ́ náà gan-an. Ká sọ pé ẹni méjì ń gbá a, kálukú ní ìlú márùn-ún, ìlú kọ̀ọ̀kan ń mú owó mẹ́wàá wá. Ẹnì kan gba ìlú kan lọ́wọ́ ẹnì kejì: ó di ọgọ́ta sí ogójì. Ó fi owó yẹn ra ọmọ ogun, ó tún gba òmíràn: àádọ́rin sí ọgbọ̀n. Ogun àkọ́kọ́ ti parí géèmù, wọ́n kàn ń fi ìyókù ṣòfò àkókò ni. Jẹ́ kí ìlú tuntun mú owó méjì péré wá, kí àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ọ sì máa jẹ mẹ́rin. Gbèsè ni ìṣẹ́gun títí ara ìlú á fi rọlẹ̀. Risk, géèmù orí tábìlì tó jáde ní 1957, kò mọ nǹkan kan nípa ará ìlú, síbẹ̀ ó ní òfin kékeré kan tó gbọ́n: ó kéré tán, ọmọ ogun kan gbọ́dọ̀ dúró sórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó o bá gbà, nítorí náà bí ilẹ̀ rẹ ṣe ń fẹ̀ ni ogun rẹ ń fẹ́lẹ́. Europa Universalis IV, géèmù kọ̀ǹpútà ti 2013, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ tó o gbà kì í di tìrẹ pátápátá àfi tó o bá ná agbára ìṣàkóso àti àkókò sórí rẹ̀, bó o bá sì gbà púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìjọba rẹ ni á máa mì. Má wá jẹ́ kí ìyà náà pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ jagun mọ́ o. Kí èrè wà, kó kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò ènìyàn. Ní Èbúté Mẹ́ta, mo wo ọmọkùnrin kan tó ń dán géèmù wò lórí fóònù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. Àkọlé pupa kan yọ: orúkọ ìlú kan, àti “Ìdààmú 38.” Ó tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ “Fi ọmọ ogun kún un” sí. Ó di 30. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó di 22. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé ìlú wo nìyẹn. Ó ní, “Ibi pupa yẹn ni jàre.” Kò ka orúkọ ìlú náà rárá. Kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó kà á, torí nínú géèmù yẹn, Adó ò yàtọ̀ sí Iléṣà.

Ẹ wá wo bí Ìbàdàn ṣe ṣe é. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ogun ló fi ń ṣọ́ àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ló ń rán lọ, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọba ìlú wà lórí oyè. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó ń ṣọ́ ọba, ó ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Owó pọ́ọ́kú ni irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ń ná ẹni tó ṣẹ́gun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ajẹ́lẹ̀ náà ní ikùn tirẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kó ẹran ọ̀sìn onílé, wọ́n ń wọ oko olóko, wọ́n ń fọwọ́ kan aya aláya, kò sì sẹ́ni tó lè bi wọ́n pé kí ló dé. Ní 1878, Fábùnmi, jagunjagun ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí àti àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn ìlú yòókù dìde, Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àjùmọ̀ṣe ogun wọn, dúró, wọ́n kó ara wọn lọ sójú ogun Kírìjì. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Nígbà náà, ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ti ń jà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti dí ọ̀nà etíkun tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ nínú ìtàn yẹn fún ẹni tó ń ṣe géèmù. Sọ ajẹ́lẹ̀ di ènìyàn: fún un lórúkọ, fún un ní ìwà kan tàbí méjì. Ọ̀kan lójú kòkòrò, owó rẹ̀ á tètè máa dé. Òmíràn ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó gọ̀ díẹ̀, ọba ìlú á máa yí i lórí. Ẹni tó ń gbá a ni kó pinnu iye tí ajẹ́lẹ̀ máa mú sápò nínú ìṣákọ́lẹ̀. Adùn tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ajẹ́lẹ̀ yìí kan náà ni ìròyìn ìlú ti ń jáde. “Ìdààmú 10” tó ń hàn lójú fóònù, ohun tí ajẹ́lẹ̀ fẹ́ kó o gbọ́ ni. Òótọ́ rẹ̀ lè jẹ́ 60. Bó o bá fura, rán ẹlòmíràn lọ wò ó. Owó tún ti jáde nìyẹn.

Kí àmì sì wà. Ọ̀pọ̀ géèmù máa ń ju dáìsì níkọ̀kọ̀. Bó bá bọ́ síbi tí kò dáa, ọ̀tẹ̀ ti dé, ìlú ti lọ. Jìbìtì ni ẹni tó ń gbá a máa pè é, mi ò sì ní bá a jiyàn. Jẹ́ kí ọjà máa dá, kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣí lọ, kí ìṣákọ́lẹ̀ máa falẹ̀, kí ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pe òun wálé. Bí ọ̀tẹ̀ bá wá bẹ́, má jẹ́ kó mọ sí ìlú kan. Ìlú kan ṣoṣo tó dìde lónìí, tí wọ́n tẹ̀ rì lọ́la, kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ohun tó ká Ìbàdàn lára ni pé àwọn ìlú tí wọ́n ti bá ara wọn jà rí ló pa ọwọ́ pọ̀. Ìyà tó ń jẹ ìlú kan, jẹ́ kí ìlú kejì gbọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tí kò yẹ kí ọmọ Èkó ṣe: kí ọ̀tẹ̀ máa jẹ́ ogun pupa kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ní gbogbo ìgbà. Ní 1908, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó omi, àwọn ará Èkó ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Apápá, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa, ọ̀kan lára àwọn ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jàre ní 1921. Wọ́n yọ Eléko Èṣùgbàyí, ọba Èkó, lórí oyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ní 1931 ó padà sílé. Kò sí ogun kankan nínú gbogbo ìyẹn tí ọmọ ogun lè dojú kọ. Fi irú rẹ̀ sínú géèmù: ọjà tì, owó tó ń wọlé di òdo, bó o bá sì rán ọmọ ogun lọ, ọ̀rọ̀ á burú sí i. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí géèmù ogun Hearts of Iron IV ṣe ní 2020: ó ya ìkọ̀jálẹ̀ ará ìlú sọ́tọ̀ sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Ẹni tó kórìíra rẹ lè máa san owó orí síbẹ̀.

Ìlú ogójì tí èèyàn á máa tọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn, kì í ṣe géèmù. Civilization V, ti 2010, yanjú ẹ̀ dáadáa: o lè jẹ́ kí ìlú tó o kó máa ṣe ara rẹ̀, kó máa mú owó wá, ṣùgbọ́n o ò ní pàṣẹ ohun tí wọ́n máa kọ́ síbẹ̀. Bó o bá fẹ́ máa pàṣẹ, gbà á mọ́ ìjọba rẹ pátápátá, kó o sì fara mọ́ ìbínú tó bá tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó gan-an nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì fi Akítóyè sórí oyè, wọ́n fi kọ́ńsù, aṣojú ìjọba wọn, tì í. Nígbà tó di 6 Oṣù Kẹjọ 1861, wọ́n mú kí Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, tọwọ́ bọ̀wé pé òun fi Èkó lé wọn lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí ọ̀sà, wọ́n sì ṣèlérí ẹgbẹ̀fà àpò owó ẹyọ fún un lọ́dọọdún.

Bọ́tìnì “Jó ìlú náà” ńkọ́? Bí kò bá ná wọn ní nǹkan kan, gbogbo wọn ló máa tẹ̀ ẹ́. Ìbàdàn run Ìjàyè ní 1862, àmọ́ àwọn ará Ìjàyè ò pòórá. Ọ̀pọ̀ wọn sá lọ sí Abẹ́òkúta. Kí èèyàn tó sá máa kún ìlú ọ̀tá, tòun ti ìbínú wọn.

Ó ku ọba tó ṣubú. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ìlú rẹ̀ tó kẹ́yìn ni òun náà ń bá lọ, bó bá sì jẹ́ pé ẹ jọ ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹni yẹn á kàn máa wo ojú fóònù tàbí kó pa á. Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní Oṣù Kejìlá 1851. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1853 ó padà wá kọ lu Èkó. Ní 1854 kọ́ńsù tó wà ní Èkó bá a ṣàdéhùn, wọ́n fi èbúté Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún un láti máa ṣòwò. Ní 1862 wọ́n jẹ́ kó padà wálé. Nítorí náà, fún ẹni tó pàdánù ní ọkọ̀ ojú omi díẹ̀, èbúté kan tí owó ń gbà wọlé, àti ẹ̀tọ́ láti bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, títí kan ẹni tó lé e. Má fún un lógun púpọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ṣẹ́gun á kọ́ láti máa lépa ọba tó sá títí wọ́n á fi pa á. Jẹ́ kí gbígba Ẹ̀pẹ́ rẹ̀ ná wọn ju gbogbo owó tí Ẹ̀pẹ́ lè mú wá lọ.